Ohun tí ojú mi rí torí pé mo jẹ́ ọmọ Ògù, àti ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin ọmọ Ògù bíi tèmi, àwa tí wọ́n ń pè ní Ègùn, pàápàá ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń fẹ́ ọkùnrin Yorùbá lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí tán. Oṣù tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, inú ṣì ń bí mi, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí mo ti ń pariwo jù ẹ bá mi fojú fò ó. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ torí Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé ní Badagry, ẹ̀yin náà mọ̀, Ògù tí à ń sọ nílé ò sí nínú ìwé kankan tí tíṣà wa gbé wọ kíláàsì.

Ajido ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń pẹja, màámi ń yan án, ó tún ń ṣe òróró àgbọn tà. Lálẹ́ a máa ń gbọ́ Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú, ọkàn wa á balẹ̀, a ó sùn lọ. Ìgbà tí mo lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ìyànà-Ìpájà torí síkọ́ndìrì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èébú ni wọ́n fi jíjẹ́ Ògù ṣe. Tí nǹkan bá rùn ní kíláàsì, wọ́n á ní èmi ni, pé mo ti jẹ ẹja. Tí owó ẹnì kan bá sọnù, wọ́n á ní kí n máà fi oògùn Ègùn gbé e. Tíṣà kan ní òun ò lè máa pe Senami ní àràárọ̀, ó kọ Ṣadé sínú rẹ́jísítà, Ṣadé ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde. Wọ́n tiẹ̀ kó wa lọ wo Badagry lọ́dún kan, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, àti erékùṣù Gberefu níbi tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sójú òkun láyé àtijọ́. Tíṣà sọ̀rọ̀ òyìnbó títí, ó sọ̀rọ̀ ẹrú, kò dárúkọ wa lẹ́ẹ̀kan, àwa tá a ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé! Nígbà tá a ń padà bọ̀, ọmọ kan béèrè nínú bọ́ọ̀sì pé ṣé àwọn Ègùn náà ń gbé ibí ni, gbogbo wọn bá yíjú wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo kàwé, mo ríṣẹ́, mo pàdé ọkùnrin kan. Ó mọ̀ pé Ògù ni mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti wá sí Ajido, ó ti jẹun màámi, ó tiẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni lédè wa. Ìgbà tó ní kí n wá kí àwọn òbí òun ní Ìbàdàn, màámi jí ní kùtù, ó yan ẹja ńláńlá fún mi, ó fara balẹ̀ yan án kí omi má kù nínú ẹ̀ rárá, ó fi okùn so wọ́n, ó rọ òróró àgbọn sínú ìgò, ó ní ọmọ òun ò ní lọ kí àna lọ́wọ́ òfo.

Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ń pè mí ní ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ obìnrin, Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, àwọn ni wọ́n gba ẹja lọ́wọ́ mi, wọ́n gbàdúrà fún màámi. Wọ́n wá bi mí pé, "Èkó apá ibo ni yín gan-an?" Mo ní Badagry ni mà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin Àwórì ibẹ̀ nìyẹn?" Mo ní rárá mà, Ògù ni wá. Wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní, "Ọmọ Èkó lo sọ fún wa." Ó ń wo fóònù ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Èkó náà ni, Àǹtí." Kò gbójú sókè.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn o, wọ́n gbé àmàlà fún wa, a jẹun. Nígbà tá a jẹun tán mo kó abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé láti fọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹja màámi. Ó wà lórí ààtàn, lórí èèpo iṣu, okùn tí màámi fi so wọ́n ṣì wà lára wọn. Wọ́n ti da òróró sílẹ̀, ìgò ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ rí mi tí mò ń wò ó, ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ máà bínú, Àǹtí ló ní kí n dà á nù, wọ́n ní a ò mọ ohun tí wọ́n fi sí i." Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi dúró síbẹ̀. Ohun tí mo ń rò ni pé tí màámi bá bi mí pé ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹja náà, kí ni mo máa sọ.

Mo ṣa ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ìborùn mi wé e, mo gbé e wọ pálọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun mà, mò ń gbé e lọ sílé. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọ̀gbẹ́ni sáré tẹ̀ lé mi dé géètì, mo rò pé ó fẹ́ gbèjà mi ni, ó ní, "Àgbàlagbà ni wọ́n, ìwọ ṣáà sọ pé Àwórì ni ẹ́, kí ló máa gbà lọ́wọ́ ẹ?" Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ti ẹja lọ. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ dé Èkó, mo sọ fún màámi, òun náà sunkún, ó ti tán. Mò ń jẹun, mò ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dé ilé ẹ̀, ẹ bi í pé kí lo sọ fún wọn nípa ibi tí mo ti wá. Kì í ṣe "ṣé o ti sọ nípa mi" o, gbogbo wọn ló máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni sí ìyẹn. Ẹ ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀. Tó bá ní Èkó lòun sọ, tàbí ó ní Badagry ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ẹ ní kó pè wọ́n lórí fóònù níṣojú yín, kó ní Ògù ni. Ẹni tí ò bá lè sọ ọ́ lórí fóònù ò ní lè sọ ọ́ ní pálọ̀ nígbà tí àǹtí ẹ̀ bá tẹjú mọ́ ọn.

Mi ò kórìíra Yorùbá o, kẹ́nikẹ́ni má wá bá mi jà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń gbọ́ Ògù ju àwọn àbúrò mi lọ, ìyá ẹ̀ ń ra ẹja lọ́wọ́ màámi títí dòní. Kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó wọn, gbogbo ẹbí ẹ̀ ló ti mọ̀ pé Ògù ni wá, torí òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹ rí i pé ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ wà.

Èkejì, ẹ má gba "ṣáà sọ pé." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán síbì kan. Tí mo bá jẹ́ Àwórì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní kí n má kọ Senami sórí káàdì ìgbéyàwó, wọ́n á ní kí màámi má sọ Ògù lórí ìjókòó, wọ́n á ní káwọn ọmọ mi má mọ Ajido. Ó jọ ti Ṣadé yẹn náà.

Ẹ tún máa sọ Ògù fún àwọn ọmọ, ìjọba ò ní bá wa ṣe é. Ní 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni wọn ó fi máa kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn, ní 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Èdè tó ní odindi Bíbélì láti 1923 o! Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin lásìkò ọlidé, Hogbonu tiwa, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Ògù ná ọjà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń da ẹja ẹnì kejì nù.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹja lásán ni mò ń gbé gẹ̀gẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wó àdúgbò Otodo Gbame ní Lekki láàárín ìparí 2016 sí oṣù kẹrin 2017, tí wọ́n lé àwọn èèyàn tó lé ní 30,000, tó jẹ́ pé apẹja Ògù ló pọ̀ jù nínú wọn, mo wà ní yunifásítì. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ní kí wọ́n máa lọ sí Kùtọnu wọn. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó sọ ní oṣù kẹfà 2017 pé lílé tí wọ́n lé wọn yẹn lòdì sí òfin, àmọ́ ẹni tó bá ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé àlejò ni wá lórí ilẹ̀ wa, ìdájọ́ ò yí i padà. Irú ọkàn yẹn náà ló da ẹja màámi nù, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Torí náà, ẹ bi í. Ẹ̀yin ọkùnrin Ògù tẹ́ ẹ ń fẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ̀yin náà, ẹ bi í, ẹ má ronú pé tiyín yàtọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni ṣì ń pè mí. Lánàá ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní Àǹtí ti ṣe tán láti bẹ̀ mí, kí n wá sí Ìbàdàn. Mo ní Ìbàdàn kọ́, kí wọ́n wá sí Ajido, màámi ni wọ́n máa bẹ̀, kóun náà sì jókòó níbẹ̀ kó sọ fún wọn níṣojú gbogbo wa pé Ògù ni ìyàwó tóun fẹ́ fẹ́.