Òjò tí ìyàwó mi ń dúró dè

Alẹ́ Sátidé, Bàrígà

"Bàbá Ìbejì, òjò ti ń rọ̀ o!"

Ẹ̀yìnkùlé ni mo sáré gbà, kí n lọ ká aṣọ àwọn ọmọ kúrò lórí okùn. Ìta gbẹ. Ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run, ooru ń mú, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Mo fọwọ́ kan aṣọ, ó ti gbẹ, mo kúkú ká a. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di fóònù mi mú lọ́wọ́ méjèèjì. Inú géèmù ni òjò ti ń rọ̀.

Ẹni tí kò bá gbá Stardew Valley rí kò ní mọ ohun tí abilékọ fi ń pariwo òjò ní aago mọ́kànlá alẹ́. Nínú géèmù yìí, kì í ṣe òrùka ni wọ́n fi ń tọrọ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́. Ẹ̀gbà ọrùn kan ni. Bàbá àgbà atukọ̀ kan ló ń tà á létí òkun, 5,000 owó wúrà ni, ọjọ́ tí òjò bá sì ń rọ̀ nìkan ni bàbá náà máa ń yọjú. Láti Ọjọ́rú ni ìyàwó mi ti ń dúró de òjò yẹn.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Marina ni ọ́fíìsì mi wà, bí Third Mainland bá sì ti dì nírọ̀lẹ́, o lè wà nínú dánfó láti CMS títí tí orí rẹ yóò fi gbóná kí o tó rí Adékúnlé. Mo gbé géèmù náà sórí fóònù nítorí kì í jẹ dátà. O jogún oko bàbá bàbá rẹ, o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ (ẹ wò ó, èyí nìkan tó láti mú ará Èkó gbá a), o ń gbin nǹkan, o ń pẹja, o sì ń kí àwọn ará ìlú. Àwọn méjìlá tí kò tíì ṣègbéyàwó wà láàárín wọn tí o lè bá dọ́rẹ̀ẹ́ títí yóò fi di ìfẹ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Eric Barone, ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe nígbà tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2016, àwòrán, orin, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pátá.

Leah ni èmi ń lé kiri. Ó ń gbẹ́ igi lére, òun nìkan ló ń gbé inú ilé kékeré kan nítòsí igbó, sàláàdì sì ni ó fẹ́ràn. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, nítorí náà mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀: ọkàn pupa ni wọ́n fi ń wọn bí ẹnì kan ṣe fẹ́ràn rẹ tó, ọkàn kan jẹ́ àmì 250, ẹ̀bùn tí ẹni náà bá fẹ́ràn jù lọ ń mú 80 wá, ẹ̀ẹ̀mejì péré lo lè fún ẹnì kan lẹ́bùn lọ́sẹ̀, bó bá sì bọ́ sọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ìlọ́po mẹ́jọ. Sàláàdì jẹ́ 220 nílé ọtí ìlú náà. Mo ń ra méjì lọ́sẹ̀, mo ń gbé e fún un, mo sì ń bá tèmi lọ. Ó dà bí àjọ dídá.

Lọ́jọ́ kan ni ìyàwó mi dúró sẹ́yìn mi.

"Ta ni Leah?"

Mo ṣàlàyé.

"O wá mọ̀ pé sàláàdì ni ó fẹ́ràn. Èmi ńkọ́?"

Mo ní mọ́ínmọ́ín.

Ó wò mí títí. "Mọ́ínmọ́ín ni ìyá rẹ fẹ́ràn." Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, kò sì tíì dá a padà dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ó dá oko tirẹ̀. Ó yí ká ìlú, ó kí gbogbo ènìyàn, torí ọmọlúàbí ni. Eléré ìdárayá kan wà níbẹ̀, dókítà wà, òǹkọ̀wé onírun gígùn kan tó ń gbé etí òkun wà. Shane ló mú. Shane! Ọmọkùnrin tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá kí i, yóò sọ fún ọ pé òun kò mọ̀ ọ́, kí lo ń bá òun sọ̀rọ̀ fún. Ìyàwó mi ṣí ẹnu sílẹ̀. "Ẹ wo ọmọ yìí. Ta ló kọ́ ọ nílé?" Mo rò pé yóò fi í sílẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n tì í. Lójoojúmọ́ ló ń lọ dúró sójú ọ̀nà tí Shane ń gbà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́, yóò kí i, Shane yóò kanra, òun yóò ní "ó dára, ọ̀la náà ń bọ̀."

Ẹ̀yin ẹ wá gbọ́ ohun tí Shane fẹ́ràn: bíà, písà, àti ata. Ata gidi, ata pupa. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ wa ló ṣìnà dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, àbájọ tí inú fi ń bí i, kò rí ọbẹ̀ gidi jẹ. Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn inú géèmù dé, ó fi ata kún ìdajì oko.

Mo sọ fún un pé wàhálà ni ó ń ṣe. Bíà wà nílé ọtí, kò ní kí o dúró kí ó hù, àmì 80 tí ata ń mú wá náà ni bíà ń mú wá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Ọtí ni ó ń pa á. Kí n tún wá máa gbé ọtí fún un?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Géèmù náà kò mọ ìyàtọ̀. Ìwé ìṣirò rẹ̀ kò ní àyè tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ẹnì kan kọ̀ láti gbé ọtí fún ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni ìtàn Shane ti dùn mọ́ mi ju ti Leah mi lọ, Leah tí mo ti fún ní sàláàdì tó tó ọgbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ọkàn Shane di mẹ́fà, òjò rọ̀ nínú géèmù, ìyàwó mi sì bá Shane lórí òkè kan tó dá gẹ́rẹ́, ó sùn gbalaja sílẹ̀, agolo bíà yí i ká. Ó ní òun kò rí ìdí tí òun fi wà láyé. O ní láti bá a sọ̀rọ̀, kí o sì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó ka ọ̀rọ̀ tán, ó gbé fóònù délẹ̀, ó lọ tún aṣọ bo àwọn ìbejì tí kò sí òtútù tó ń mú wọn. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan wà tí kì í sábà dárúkọ. Èmi náà kò bi í.

Géèmù ìfẹ́ kọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé mi. Mushin ni mo dàgbà sí, ní ilé géèmù àdúgbò wa, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn ń gbá, iye eré ni o fi ń sanwó; ta ni yóò jẹ́ kí o jókòó síbẹ̀ fún ogójì wákàtí nítorí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan? Ẹ̀gbọ́n mi ló ra PlayStation 2 tòkunbọ̀ kan ní Ìkẹjà, ó sì mú Final Fantasy X wá sílé nínú lailọ́ọ̀nù, kò ní páálí. Ọdún 2001 ni géèmù náà jáde, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wa.

Ìtàn rẹ̀ nìyí, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Yuna ń rìnrìn àjò ìwẹ̀nùmọ́ kí ó lè pa ẹranko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Sin. Tidus jẹ́ àjèjì, ó ń tẹ̀ lé e. Gbogbo ọ̀nà ni Tidus ń sọ ohun tí wọn yóò jọ ṣe nígbà tí wọ́n bá pa Sin tán, ibi tí òun yóò mú un lọ. Yuna ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ náà mọ̀ pé ẹni tó bá pa Sin yóò kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tidus nìkan ni kò mọ̀. Tidus, àti èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní ní Mushin. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ojú ti àwa náà, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú yẹn, àwa náà ti ń gbọ́ ọ, ó sì ti ń dùn mọ́ wa. Kò sí ọkàn pupa kankan lójú ẹ̀rọ tí o ń kà. Ìtìjú yẹn ni wọ́n fi dè wá mọ́ ọn.

Lórí òkè Gagazet, ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Seymour wà tí ó máa ń sọ̀rọ̀ gígùn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí bí o ṣe lè fò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni NEPA mú iná lọ láàárín ìjà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àdúgbò ké "Up NEPA!" tí a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi ń bá Seymour sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu, èdè òyìnbó rẹ̀ kò yẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan náà ni, lọ́jọ́ tí géèmù parí, tí Yuna sáré lọ dì mọ́ Tidus tí ó sì gba inú rẹ̀ kọjá ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tó dì mọ́ èéfín, ló ṣàdédé dìde pé òun fẹ́ lọ wá aṣọ tí òun yóò fi nu CD. CD náà ṣì ń yí nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ géèmù tó dé lẹ́yìn èyí, ìfẹ́ inú wọn kò ju kí o mú èsì tó bá dùn jù lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹni náà sì wọ yàrá rẹ wá lálẹ́ tí ogun ìkẹyìn ku ọ̀la. Mi ò ka ìyẹn sí. Ọ̀kan tó tún mú mi ni The Witcher 3 (2015), tí àwọn ará Poland ṣe, ní ilé ọ̀rẹ́ mi ní Sùúrùlérè. Ọ̀rẹ́ mi yìí gbìyànjú láti fẹ́ obìnrin méjèèjì tó wà níbẹ̀ pọ̀, Triss àti Yennefer. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n so Geralt rẹ̀, akọni géèmù náà, mọ́ ibùsùn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi dúró ti Yennefer. Láyé ọjọ́un, Geralt ti fi ẹ̀bẹ̀ kan lọ́dọ̀ àlùjànnú so àyànmọ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Ní tiwa níbí, bí wọ́n bá ní oògùn ni obìnrin kan fi mú ọkọ, kò sí ẹni tí yóò lọ tú u wò, ta ló fẹ́ mọ̀? Yennefer lọ wá àlùjànnú mìíràn pé kí ó tú u, kí òun lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ náà yóò kù sílẹ̀. Ó tú. Wọ́n jókòó sínú àfọ́kù ọkọ̀ ojú omi kan tó wà lórí òkè gíga, ó sì sọ pé ní tòun, nǹkan kan kò yí padà. Lẹ́yìn náà ni géèmù dákẹ́, ó ń dúró de ohun tí ìwọ yóò sọ. O lè sọ fún un pé ní tìrẹ, ó ti tán. Ọwọ́ mi gbọ̀n lórí bọ́tìnnì.

Mo ti yà kúrò lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká padà sórí òjò.

Ìyàwó mi ní owó ẹ̀gbà. Ó ti fún Shane ní òdòdó, ọkàn mẹ́wàá ti pé, ó ti fi 10,000 àti igi 450 tún ilé ṣe torí wọn kì í gbé ìyàwó, tàbí ọkọ, wọ ahéré. Ó sáré dé etí òkun nínú òjò. Afárá tó lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá atukọ̀ ti já. Igi 300 ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Igi tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 212.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ní kí n dákẹ́. Ó sáré padà sínú igbó, ó ń gé igi bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, ọjọ́ kan nínú géèmù kò sì ju bí ìṣẹ́jú 14 lọ. Okun inú rẹ̀ ń tán lọ. Mo jókòó tì í, mo ń ka igi fún un, 240, 251, 263. Mo sọ fún un pé kí ó jẹ nǹkan. Kò sí nǹkan nínú àpò rẹ̀ àfi ata Shane, kò sì fẹ́ jẹ ẹ́. Aago méjì òru géèmù lù, ó dákú sábẹ́ igi, òjò náà sì lọ.

Mo rọra dìde, mo lọ sí kíṣìnì. Ìkòkò ìrẹsì ọ̀sán ṣì wà lórí sítóòfù. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí mo ti ń ṣọ́ ọ: tó bá bu oúnjẹ fún gbogbo wa tán, yóò gbé ìkòkò sórí ẹsẹ̀, yóò máa fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀, ibi tó jóná díẹ̀ tó ń ró kurukuru lẹ́nu. Gbogbo ọdún tí a ti fẹ́ra, mo rò pé torí kí oúnjẹ lè kárí ni. Lónìí, ó lọ rẹ àwọn ọmọ sùn, kò sì rí àyè ha á. Mo ha á sínú abọ́, mo gbé e lọ bá a.

Tẹlifíṣọ̀n inú géèmù ló ń wò, ibi tí wọ́n ti ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Oòrùn ni lọ́la. Ó mú ìrẹsì náà, ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí fóònù.

"Àmì mélòó nìyí?"

Mo ní 80.

Ó jẹ ìyókù tán, ó fún mi ní abọ́, ó ní kí n wá bu omi fún òun.