Oòrùn tí kò ràn lọ́jọ́ náà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí fọ́tò kan báyìí, inú mi sì ń dùn gan-an ni! Obìnrin kan ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àmọ́ ojú ọjọ́ ṣú nígbà tí a yà á.

Mo ṣí léyà tuntun (bí ìwé tó mọ́ gaara tí a tẹ́ lé àwòrán lórí) nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, mo kun ún ní dúdú, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tọ́ àwọ̀ ọsàn síbi tí oòrùn ì bá gbà wọlé. Bí mo ṣe yí i sí Screen báyìí, ìyẹn ọ̀nà kan tí léyà ń gbà dà pọ̀ mọ́ àwòrán tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo dúdú yẹn pòórá, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù. Screen kì í ka dúdú sí. Ohun tó bá mọ́lẹ̀ nìkan ló máa ń fi kún àwòrán.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo pẹ́ lé lórí jù. Mo lo léyà eérú 50% lórí Overlay (ọ̀nà ìdàpọ̀ mìíràn, tí kì í ka eérú yẹn sí), mo ń fi Dodge tan ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé, mo ń fi Burn mú abẹ́ àgbọ̀n ṣókùnkùn. (Àwọn tó ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn ló kọ́kọ́ ń ṣe méjèèjì, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń dí ìmọ́lẹ̀ lórí pépà nígbà mìíràn.) Díẹ̀díẹ̀ ni o, torí tí òjìji imú bá lọ síbi tí kò yẹ, kíá lojú á ti mọ̀.

Mo fi í ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ó ní kí n bá òun ṣe èyí tó kù náà bẹ́ẹ̀.