Abólọ́rùn: ooru kọ́ ló re ìyẹ́ ọrùn rẹ̀

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe náà dùn lẹ́nu, àmọ́ adìẹ kì í làágùn rárá. Ooru inú ara rẹ̀ tó bíi 41°C, tí oòrùn bá sì mú, àfi kó lanu kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ooru sì máa gba ogbe àti ibi tí ìyẹ́ kò bò jáde. Ibẹ̀ ni abólọ́rùn, adìẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, ti fi ju àwọn yòókù lọ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ooru ló re ìyẹ́ náà. Rárá o. Ẹ tu ìyẹ́ ọrùn àkùkọ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣì hu ìyẹ́. Àṣìṣe inú àbùdá, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ni. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Roslin Institute, Yunifásítì Edinburgh, fi hàn pé ègé àbùdá kan ló já wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń mú kí awọ ṣe àpọ̀jù èròjà tó ń dènà ìyẹ́. Ooru kò dá a sílẹ̀. Ṣe ló ń ṣà á. Níbi tí oòrùn ti ń da adìẹ láàmú, èyí tí ara tù ló ń jẹun, tó ń yé, tó ń fi ọmọ sílẹ̀.

Ẹ wo ọrùn wọn dáadáa. Èyí tó ní ṣùkù ìyẹ́ kékeré níwájú, nísàlẹ̀ ọrùn, ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ló ti gba àbùdá náà. Èyí tí ọrùn rẹ̀ dán gbà á lọ́dọ̀ méjèèjì, ìyẹ́ ara rẹ̀ sì fi bíi 40% dín. Tẹ́ ẹ bá da oníṣùkù pọ̀ mọ́ adìẹ lásán, nǹkan bí ìdajì ọmọ á jẹ́ abólọ́rùn. Oníṣùkù sí oníṣùkù, ọ̀kan nínú mẹ́rin á dán, méjì á ní ṣùkù, ọ̀kan á níyẹ̀ẹ́ pé. (Ìṣirò ni o, ẹyin 12 lè má tẹ̀lé e.) Àwọn tó máa dán yìí sì máa ń kú sínú ẹyin ju àwọn yòókù lọ.

Adìẹ aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, náà kì í há ooru mọ́ra. Àmọ́ ẹ má da akọ aṣa pọ̀ mọ́ abo aṣa: ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn ni ìyẹ́ á máa ṣẹ́ lára rẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Adìẹ lásán ni kẹ́ ẹ fi bá a.

Kí ló dé tí gbogbo adìẹ ò fi di abólọ́rùn? Òtútù ni. Lásìkò ọyẹ́, òròmọdìẹ wọn tètè ń gan. Ẹ jẹ́ kí ibi tí wọ́n wà gbóná tó 32 sí 35°C lọ́sẹ̀ kìíní, kẹ́ ẹ máa fi bíi 3°C dín in lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń gun ara wọn lábẹ́ iná, kò tíì gbóná tó. Lábẹ́ òjìji igi, èrè ọrùn níhòòhò kò tó nǹkan. Lábẹ́ páànù lóṣù kẹta, ó pọ̀. Àwọn oníbàárà náà sì ń ṣà tiwọn: ẹni tó bá sọ pé abólọ́rùn jọ igún kò ní rà á, ẹni tó ń sìn ín á sì pa á jẹ kó tó bí ọmọ.