Ààyè tó ṣí níwájú mọ́tò: ohun tí mo kọ́ nípa gbígba àárín ọkọ̀ nínú gósílò

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀kadà gba àárín mọ́tò, bí ibẹ̀ ṣe fún ló máa ń bà á lẹ́rù. Ó ń wo dígí mọ́tò lápá òsì, ó ń wo bọ́ńpà lápá ọ̀tún, ó rò pé bóun bá ti yọ láìfara kan nǹkan kan, ó parí. Ohun tí mo kọ́ yàtọ̀ síyẹn. Ibi tó fún máa ń mú kéèyàn rọra, ẹni tó bá sì rọra kì í fara pa púpọ̀. Ohun tó ń gbé ọlọ́kadà ṣubú ni ààyè tó ṣàdédé ṣí níwájú mọ́tò kan. Dírẹ́bà tó ti jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú 20, tó wá rí i pé ìlà ẹ̀gbẹ́ òun ti ń lọ, kò ráyè wo dígí. Á kàn já sítíárín wọ ibẹ̀ ni. Nítorí náà, ààyè ni kí ẹ máa fojú ṣọ́. Mọ́tò tí kò bá sí ààyè níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè lọ síbì kankan.

Bó ṣe rí lójú títì nìyí. Bí ìlà méjèèjì bá dúró pa, tàbí tí àwọn méjèèjì jọ ń fà díẹ̀díẹ̀, mo lè gba àárín. Bí ìlà kan bá dúró tí èkejì sì ń lọ, mi ò ní gbà á, bó ti wù kí àárín náà fẹ̀ tó. Gbogbo ẹni tó wà nínú ìlà tó dúró ló ń wá bóun ṣe máa bọ́ sínú èyí tó ń lọ, àárín tí ẹ wà yẹn gan-an sì ni ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ìgbà tí gósílò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ló burú jù, torí pé ìgbà yẹn ni kálukú ń yan ìlà tuntun. Bí mọ́tò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ẹ jáde kúrò láàárín, ẹ wọ inú ìlà kan bíi mọ́tò, ẹ gba àyè yín ní àárín ìlà náà. Ẹ má fara mọ́ etí rẹ̀.

Ẹ má dúró de tráfíkétọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti kú, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà tí tiwọn ṣì ń tàn kì í sì í lò ó. Táyà iwájú ni kí ẹ wò: bó bá ti yí sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí mọ́tò ṣì wà lójú kan, dírẹ́bà yẹn ti pinnu. Lẹ́yìn ìyẹn, iná pupa ẹ̀yìn: bí ti mọ́tò kan ṣoṣo bá kú nígbà tí ti àwọn yòókù ṣì ń tàn, ó ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ tún wo ìdí mọ́tò, bóyá ó ti yà díẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Ẹ wo orí dírẹ́bà nínú dígí rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó tẹrí sí fóònù kò tíì mọ̀ pé ìlà ti ń lọ, bó bá sì gbójú sókè, wàrà-wàrà ló máa fi ṣí.

Ọ̀rọ̀ eré ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ gbọ́, torí pé ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ọ̀kadà ń gé nǹkan bíi mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ojú tó rí ilẹ̀kùn tó ṣí, kí ìka tó fún bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ, mítà 8 yẹn sì ti bá a lọ. Lórí títì gbígbẹ, bíréèkì tó dáa yóò tún gba nǹkan bíi mítà 6 kó tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 14, ìyẹn gígùn mọ́tò kékeré mẹ́ta. Bó bá jẹ́ 50 lẹ ń sá, ó di nǹkan bíi mítà 30. Bó bá jẹ́ 20, mítà 8 péré ni. Ilẹ̀kùn mọ́tò kejì síwájú yín ni ẹ lè dúró fún ní 20. Ní 50, àfi ti mọ́tò keje.

Ní California, níbi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ gbígba àárín ọkọ̀ sínú òfin lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Berkeley yẹ ìjàǹbá alùpùpù 5,969 wò. Nínú wọn, 997 ló ń gba àárín ọkọ̀ lásìkò tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ewu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí àwọn ọkọ̀ kò bá sá ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ, tí alùpùpù kò sì fi ju nǹkan bíi kìlómítà 24 yá jù wọ́n lọ. Àlàfo tó wà láàárín eré yín àti eré àwọn tó yí yín ká ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ta gàlà lórí títì tiwọn, kọ̀ǹdọ́ kì í bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Fún Èkó àti Ìbàdàn, èmi kì í fi ju 15 lé eré àwọn mọ́tò, bí wọ́n bá sì dúró pa, ìwọ̀n eré ẹni tó ń sáré fẹsẹ̀ ti tó.

Àárín wo ni kéèyàn gbà? Nílẹ̀ Faransé, àárín ìlà méjì tó wà lápá òsì pátápátá nìkan ni òfin gbà fún alùpùpù, wọn ò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn náà ń wà á bíi tiwa, nítorí náà ìdí rẹ̀ bá wa mu: ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò ń yà sí, ibẹ̀ ni dánfó ń dúró sí, ibẹ̀ ni èrò ń dúró dè é. Ẹnu ọ̀nà dánfó wà lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá fi dánfó sápá òsì yín, kọ̀ǹdọ́ ló kọjú sí yín yẹn, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde, ojú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ èrò. Ẹ má kọjá lápá ọ̀tún dánfó láé bí ẹ ò bá rí ọwọ́ kọ̀ǹdọ́ níbi tó ti di irin ẹnu ọ̀nà mú. Èrò tí gósílò bá ti sú náà máa ń já bọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà láti fẹsẹ̀ rìn, èrò inú takisí àti mọ́tò ilé pàápàá.

Àwọn ọlọ́jà ojú títì wá yàtọ̀ o. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá tàbí gàlà, tó ń sá tẹ̀ lé mọ́tò láti gba owó rẹ̀, ọwọ́ oníbàárà tó yọ lójú fèrèsé nìkan ló ń wò. Kò ní gbúròó yín. Bí mọ́tò iwájú bá ga, tí ẹ ò rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ẹ gbà pé èèyàn wà níbẹ̀, kí ẹ dẹwọ́ eré kí ẹ tó yọ imú táyà síta. Hóònù kúkúrú méjì ti tó. Ẹni tó bá tẹ hóònù láìdáwọ́dúró máa ń dá jìnnìjìnnì sí dírẹ́bà lára, ó sì lè fi ìpayà yà sí ọ̀nà tí ẹ ń bọ̀. Sàìrín ńkọ́? Bí ọkọ̀ onísàìrín bá ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ ti jáde kúrò láàárín kó tó dé, torí pé gbogbo mọ́tò ló máa fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àárín tó gba ọ̀kadà ní báyìí lè má gba ẹsẹ̀ èèyàn láìpẹ́.

Tírélà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò ní gba àárín wọn, bó bá jẹ́ òru ni mo máa fi délé. Dírẹ́bà tírélà jókòó sókè, kò rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ẹ ò bá rí ojú rẹ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà ò rí yín. Bó bá ń yà, táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipa táyà iwájú, inú ló máa ń gé sí, ibi tí ọlọ́kadà fẹ́ràn láti sá pa mọ́ sí gan-an. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó bá ṣubú síbẹ̀, abẹ́ táyà ló ń lọ. Lórí òkè afárá, ó tún lè rá padà sẹ́yìn. Kọ̀ǹténà tí wọn ò so dáadáa sì máa ń já. Gbogbo wa la mọ afárá Ojúẹlẹ́gba sí i.

Ẹ fi tépù wọn ọ̀kadà yín láti orí háńdù kan dé èkejì, ẹ tún wọn ibi tí orúnkún èrò ẹ̀yìn dé àti ibi tí àpótí dìsípáàṣì dé. Èyí tó bá fẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìwọ̀n yín. Ọ̀pọ̀ ló ń fojú wọn háńdù nìkan, kí àpótí wá lọ fa dígí jáde lẹ́yìn. Bí àlàfo tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kò bá gba àtẹ́lẹwọ́ tó là, ẹ dúró. Ibi tó máa ń fún jù ni ibi tí dígí mọ́tò méjì kọjú síra, torí pé dígí mọ́tò kékeré àti háńdù ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lóòró kan náà. Bí orí háńdù apá òsì bá kan mọ́tò, ńṣe ló máa fà sẹ́yìn, táyà iwájú á sì yí sí ọ̀dọ̀ mọ́tò náà. Àwọn kan ń ká dígí ọ̀kadà wọlé kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá. Ìwà yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, torí pé ọ̀kadà mìíràn lè máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìbínú.

Nípa ọ̀kadà mìíràn yẹn: ẹ má to tẹ̀ lé ara yín bí ẹni ń ṣe ìyàwó. Dírẹ́bà tó fẹ́ yà máa ń rí ẹni àkọ́kọ́, á jẹ́ kó kọjá, á wá yà. Ẹni kejì ló máa ń gbá. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ń fi hóònù lé yín, ẹ wọ inú ìlà, kó máa lọ.

Jíà kìíní tàbí ìkejì ni kí ẹ wà, ìka méjì lórí kílọ́ọ̀ṣì, ìka méjì lórí bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí bíréèkì ẹ̀yìn. Bí ọ̀kadà bá ń já bí ẹ bá fún un níná díẹ̀, ẹ wo ṣéènì: bó bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ dẹ̀ ní àárín, ẹ fà á. Nínú gósílò, bíréèkì ẹ̀yìn tí ẹ rọra tẹ̀ pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tó mú ní ìdajì ló ń jẹ́ kí ọ̀kadà dúró ṣánṣán láìfẹsẹ̀ walẹ̀. Bíréèkì iwájú, ìgbà tí háńdù bá tọ́ nìkan ni kí ẹ fún un le. Bí háńdù bá yí, táyà iwájú á yọ̀. Bí mọ́tò bá wá há yín mọ́, ẹ má fún un níná láti sá yọ níwájú rẹ̀, ẹ má sì na ẹsẹ̀ síta láti fi tì í, kókósẹ̀ ló ń fọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà dúró ṣánṣán, ẹ fi bíréèkì méjèèjì dáwọ́ eré dúró, kí mọ́tò náà kọjá síwájú.

Ẹ sọ fún èrò kó kó orúnkún mọ́ra, kó má fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kó má sì wo ẹ̀yìn lójijì. Akoto, kí okùn àgbọ̀n rẹ̀ wà ní dídè. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan kun igbá lọ́dà, wọ́n dé e. Akoto gidi tí kò ní okùn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá yẹn lọ, torí pé ó máa ń ṣí kúrò lórí kí orí tó kanlẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni Èkó ti fòfin de ọ̀kadà elérò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Àpápá, nítorí náà dìsípáàṣì ló kù jù láàárín mọ́tò níbẹ̀ báyìí. Ọ̀gá tó ń ka iye ẹrù tí ẹ gbé lójúmọ́ ni kí ẹ ṣàlàyé fún: bí gósílò bá tú, tí ẹ wọ ìlà, ẹ lè pẹ́ díẹ̀, kò tó nǹkan.

Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà funfun tó ya ìlà sọ́tọ̀, tí ẹ ń gùn lórí rẹ̀ láàárín mọ́tò, máa ń yọ̀, àwọn irin tó dábùú afárá náà ń yọ̀. Omi àkọ́kọ́ ló burú jù, torí pé ó ń po ọ́ìlì àti eruku títì pọ̀. Ọ̀kadà Boxer tó ní bíréèkì dúrọ́ọ̀mù, bíréèkì rẹ̀ kì í mú dáadáa bí omi bá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ títí yóò fi gbẹ. Lásìkò yẹn, ẹ fi àárín mọ́tò sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ ya síbì kan, ẹ má dúró sójú títì lábẹ́ afárá bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, níbi tí mọ́tò tó ń bọ̀ láti inú òjò kò ti ní tètè rí yín. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé epo ni kí ẹ wọ̀.