Ọ̀já mẹ́fà

Kétu, ilẹ̀ Benin, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ímeèlì náà dé láàárọ̀ yìí kí n tó bọ́jú tán. Wọ́n gbà mí! Oṣù mẹ́ta ní Paris, pẹ̀lú yàrá tí màá máa sùn, tábìlì tí màá ti máa ṣiṣẹ́, owó oúnjẹ, àti àyè láti wo àwọn ẹrù Áfíríkà tí àwọn mùsíọ́mù ibẹ̀ kó pamọ́. Résidence ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Wọ́n á gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọnà lálejò, wọ́n á fún un lásìkò, òun náà á ṣèwádìí, á sì fi ohun tó rí han aráyé kó tó padà sílé. Lọ́dún tó kọjá mo kọ̀wé sí ibòmíràn, wọn ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka tòní kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Ìwé ìrìnnà, fọ́tò, ìwé báńkì, gbogbo ìyẹn á délẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ sí Kùtọ́nù, láti ìdájí, kí n lè gba Pobẹ̀ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kọjá kí oòrùn tó mú. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ohun tí wọ́n béèrè nísàlẹ̀ ímeèlì yẹn: kí n fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣàfihàn rẹ̀. Mo tún èyí tí mo fi tọrọ àyè kà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí, kún ogún gbogbo ayé, pé wọ́n kéde rẹ̀ ní 2001, pé ó wọ ìwé wọn ní 2008. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ń kọ, mi ò sì dárúkọ ìyá kan ṣoṣo.

Mo bá gba ilé Ìyá lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí gbogbo àlejò Kétu máa ń fẹ́ rí. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ròyìn fún un.

"Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, Àbíkẹ́?"

Mo ní commissaire ni. Ó dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. "Ọlọ́pàá?"

"Rárá, Ìyá. Ẹni tó ń ṣa iṣẹ́ ọnà jọ ni, tó ń tò ó, tó mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó kẹ́yìn, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ kó má bàjẹ́."

Ó rò ó fúngbà díẹ̀. "A ní wọn níbí," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni. Lóru Ẹ̀fẹ̀, òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń já wọ agbo bó ṣe wù ú. Ajígbálẹ̀ ní àsìkò tirẹ̀, ilẹ̀ ló máa gbá. Tètèdé gbọ́dọ̀ ti jáde kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru náà, tó jáde, orúkọ Tètèdé gan-an ti sọ ọ́. Bí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá sì dé, yóò júbà àwọn ìyá wa kó tó sọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tó to nǹkan báyìí mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ kọ́ yìí dunjú.

Mo wá bi í léèrè ọ̀já. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó gbé àpótí pákó kan jáde. Òórùn káfúrà gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀já mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó ká wọn bí ẹni ká ẹní. Mẹ́ta jẹ́ tirẹ̀, méjì jẹ́ ti ìyá rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti orogún rẹ̀ tó ti dolóògbé. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀lú pa láró ti ṣá lágbedeméjì, níbi tí ìdí ọmọ máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ṣì dúdú kirikiri. Òun ni wọ́n fi pọ̀n mí. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí kò ju owó ẹyọ lọ. Mo bi í pé ṣé eku ni. Ó ní iná ni, pé lóru ọjọ́ Ẹ̀fẹ̀ kan, kí wọ́n tó bí mi, ni àtùpà jó o lára ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé igi ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Igi wà lórí lóòótọ́, ó sì dára, ṣùgbọ́n aṣọ àwọn obìnrin ló bo oníjó láti ọrùn wálẹ̀, ọ̀já lórí ọ̀já, ayálò ni. Ẹ dúró sí àárín èrò lọ́jọ́ náà, ẹ ó gbọ́ bí obìnrin kan ṣe máa fọwọ́ tọ́ka: "Tèmi nìyẹn!" Wọ́n ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Nínú àwòrán àwọn mùsíọ́mù Yúróòpù tí mo wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí nìkan ni mo sábà máa ń rí, wọ́n á fi irin gbé e dúró nínú gíláàsì, wọ́n á kọ "igi, ọ̀dà" sábẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Àwọn obìnrin tó wọ igi yẹn láṣọ ti pòórá.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ là mí lójú sí irú nǹkan báyìí. Ní 2022 a jọ lọ sí Kùtọ́nù láti wo àwọn ohun 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá 2021, àwọn tí ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní Abomey, olú ìlú Dahomey, ní 1892. Inú mi dùn débi tí omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi dúró pẹ́ níwájú ère Glèlè, ọba Dahomey, èyí tó dà bí ènìyàn tó sì dà bí kìnnìún. Ọmọ ogun Glèlè ló fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ará ibí lẹ́rú. Nígbà tó yá ó ní, "Ó dára bó ṣe padà wálé. Àwọn tí wọ́n kó níbí ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni màá ṣe, kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè ráyè lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère fúnra rẹ̀.

Ìyá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó. Mo ní ohun tó wà ní ìkáwọ́ wọn, mi ò lè rí i láti Kétu. Nígbà tí Benin kọ́kọ́ ní àfihàn tirẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice ní 2024, tí Azu Nwagbogu to iṣẹ́ Ishola Akpo, Moufouli Bello, Chloé Quenum àti Romuald Hazoumè, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú èrò rẹ̀, orí fóònù ni mo ti wò ó. Bisi Silva, tó dá CCA, ilé iṣẹ́ ọnà òde òní, sílẹ̀ ní Èkó ní 2007, tó tún dá Àsìkò sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn ní Áfíríkà, ti kú ní 2019 kí n tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo fẹ́ dé Paris, kí n fojú ara mi rí i, kí n padà wá.

Mo wá tọrọ ọ̀já. Mo ṣàlàyé ohun tí mo kọ́ ní Àjàṣẹ́ fún un, pé a kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn sára aṣọ níbi àfihàn ju lux 50 lọ (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), kó má baà ṣá, pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án.

"Tí ẹ bá gbé e sínú gíláàsì," ó ní, "kí la ó fi pọnmọ?"

Mi ò lè fèsì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú oyún oṣù méje, ní yàrá tó kọjú sí wa. Ìyá ká àwọn ọ̀já náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú márùn-ún, ó gbé wọn lé mi lẹ́sẹ̀. Ayálò ni, ó ní, bí a ṣe ń yá Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kí n má kàn wọ́n níṣòó, kí n má fọ̀ wọ́n, kí n sì kọ orúkọ àwọn tó ni wọ́n, títí kan ti orogún rẹ̀, kó tóbi ju orúkọ tèmi lọ. Ó mú aláró padà sínú àpótí, ó pa ideri dé.

Mo ti pa ojú ìwé méjèèjì tàtijọ́ rẹ́. Ìkọ́ mẹ́fà ni yóò wà lára ògiri. Abẹ́ márùn-ún ni orúkọ àwọn ìyá yóò wà. Ìkọ́ kẹfà á wà lófìfo, màá sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ó wà ní Kétu, wọ́n fi ń pọnmọ.