Re, mí, dò, mí, mí

Alẹ́ Sátidé. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbéyàwó tí a lọ ní Gwarinpa, ní Abuja níbí, ti wáyé, oúnjẹ kárí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa lójú ọ̀nà Kubwa nígbà tí à ń bọ̀. Ó parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù nílẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ní, "Mọ́mì, kí ni ìlù yẹn ń sọ?" Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Kò sọ nǹkan kan jàre. Owó ló ń tọrọ."

Owó ló ń tọrọ.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, inú mi bàjẹ́. Ní báyìí tí mo jókòó, n ò mọ èwo nínú méjèèjì ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ ìlù ṣe rí lára mi, n ò ní tún un sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè ọmọ yẹn ná. Kò ní, "Kí ni wọ́n ń lù?" Ó ní, "Kí ni ó ń sọ?" Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní iléèwé, tó jẹ́ pé Hausa ló ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kiri ọjà ládùúgbò, òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀. Ta ló sọ fún un?

Ìyáàlù dùndún ni ìlù náà, ṣaworo yí etí rẹ̀ ká. Onílù gbé e kọ́ èjìká òsì, ó fi ọwọ́ òsì di ọṣán mú, okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, kọ̀ǹgọ́ tó fi ń lù ú wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì yẹn ni ẹnu ìlù. Tó bá fẹ́ dò, á dẹ ọwọ́, ọṣán á rọ̀, awọ á dẹ̀. Tó bá fẹ́ re, á fún ọṣán níwọ̀nba. Tó bá fẹ́ mí, á fún un pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ dáadáa. Tó bá fẹ́ kí ohùn yọ̀ láti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀, á lù ú ná, á wá máa tú ọwọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìró náà kò tíì kú. Ìlù ò ní b, kò ní k, kò ní gb. Ohùn nìkan ló ní, àti iye ìgbà tí igi kan awọ.

Ohun tó lù síwájú àwọn òbí ìyàwó kò ju márùn-ún lọ. Ó lù ú, ó sinmi, ó tún un lù: re, mí, dò, mí, mí. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ pè é sókè fúnra yín, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dà mí láàmú. "Ẹ fún mi lówó." Re, mí, re, mí, mí. Márùn-ún lòun náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkí olóde àti títọrọ owó lọ́wọ́ olóde, ìlù kan ṣoṣo ni, ìlù kẹta. Tí ẹ̀kẹta bá wálẹ̀ dáadáa, ìkíni ni. Tí kò bá wálẹ̀ tó, ẹ̀bẹ̀ owó ni.

Ó lè má wálẹ̀ lóòótọ́. Inú ọyẹ́ la wà. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bo ojú ìlù. Tí òjò bá ń rọ̀, tí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, awọ á dẹ̀, onílù á sá a sóòrùn tàbí kó yá a níná kó tó lè mú mí jáde. Ọyẹ́ Abuja ní tirẹ̀ á gbẹ awọ náà, á fà le, gbogbo ohùn á gùn sókè. Onílù á dẹ ọwọ́ títí, dò á kọ̀ kò ní wálẹ̀, re ni yóò máa dún. Ọṣán tó gbẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlù tí wọ́n kàn lápá ibi tí omi ti máa ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n wá gbé wọ àárín ọyẹ́ níbí, ìyà ń jẹ ẹ́. Ẹ tún fi ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngán kún un, òun náà ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́.

Èyí tó burú jù ni ti DJ. Kò pa orin rẹ̀ nígbà tí onílù ń sọ̀rọ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Amapiano ló ń lọ lábẹ́. Ìlù amapiano tó wá láti South Africa yẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ohùn rẹ̀ ń gbé, ìtòsí ibẹ̀ sì ni dò ìyáàlù ń gbé. Méjèèjì pàdé, èyí tó ní iná mànàmáná borí. Mí nìkan ló yọ. Mo nífẹ̀ẹ́ amapiano o. Mo nífẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ọmọ wa fi í ṣe, bí Asake ṣe da ohùn ègbè fújì lé e lórí, ó máa ń mú orí mi wú. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi dùn mí. Orin tí mo fẹ́ràn ló bo ìlù tí mo fẹ́ràn mọ́lẹ̀.

Kò ṣòro láti tún ṣe. Kí DJ pa orin ráúráú fún ìṣẹ́jú méjì péré. Kí wọ́n gbé máìkì sí nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ojú tí onílù ń lù. Kí wọ́n gbé e jìnnà sí gúdúgúdú, torí bílálà méjì ni wọ́n fi ń lu ìyẹn, kì í sinmi, á bo gbogbo ọ̀rọ̀. Kí alága ìjókòó náà dákẹ́. Ìṣẹ́jú méjì.

Owó ló ń tọrọ. Háà.

Àmọ́, ṣé irọ́ ló pa? Iṣẹ́ onílù ni. Àgbẹ̀ ń ta iṣu, onílù ń ta ìlù. Nígbà tó kúrò níwájú àwọn òbí, ó kọjú sí ọkùnrin kan tó wọ agbádá, ó lu dò, dò, mí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tọwọ́ bọ àpò. Ta ni dò, dò, mí? Àjàní. Àkànní náà ni. Àlàbí, Àrẹ̀mú, Àdìgún. Obìnrin ńkọ́? Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, ohùn kan náà. Àjọkẹ́ ló yà díẹ̀, dò, re, mí ni tirẹ̀. Síkírù Àyìndé Barrister, Kollington Àyìnlá, Wàsíù Àyìndé, títí dé orí Àṣàkẹ́ tí ọmọkùnrin olórin yẹn fi ń jẹ́, ìlù mẹ́ta kan náà ló ń pe gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí onílù tó mọṣẹ́ kì í fi í dá oríkì àbísọ lù kó dúró. Á so oríkì orílẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́, kí ẹni tí wọ́n ń pè lè dá ara rẹ̀ mọ̀. Eléyìí ò so nǹkan kan mọ́ ọn. Dò, dò, mí, ó dúró de owó. Níbẹ̀ yẹn, ìyá yẹn jàre.

Onílù náà ò wá tẹ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ara àpò tó gbé kọ́rùn, wọ́n fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà. Kò sẹ́ni tó ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí mọ́ ní gbọ̀ngán bẹ́ẹ̀. Láti 2007 ni òfin báńkì àpapọ̀ ti wà lòdì sí i, oṣù 6 lẹ́wọ̀n ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Àwọn èèyàn ò kà á sí. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kẹrin 2024, láìsí àyè owó ìtanràn, ni ojú gbogbo wa là. Láti ìgbà yẹn, àpòòwé ni. N ò sọ pé òfin náà burú, wọ́n ń tẹ owó mọ́lẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń lẹ mọ́ni níwájú orí, ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ìlù ni. Ìlù á sọ, ìwọ náà á dáhùn. Tí wọ́n bá mú ìdáhùn kúrò, kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà máa rí? Ọkùnrin tó ń lu nǹkan, tó so nọ́ńbà báńkì mọ́rùn.

Àwọn olóṣèlú náà dá kún un. Ìdìbò 2027 ti ń sún mọ́lé, àwọn onílù á tún rọ́ wọ Abuja. Ẹni tí wọ́n kì ní kìnnìún lọ́jọ́ Ajé, alátakò rẹ̀ náà á di kìnnìún lọ́jọ́ Ẹtì, ìlù kan náà, ọwọ́ kan náà. Tí ìlù bá ń pe gbogbo ẹni tó lówó ní kìnnìún, kí ló fẹ́ kí ọmọ kékeré gbà gbọ́?

Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìlù rí lójú wa látẹ̀yìn wá. Ìlù tí wọ́n fi ń ṣí ètò rédíò láyé ọjọ́un, orúkọ iléeṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ó ń pè. Àwọn tó gbọ́ ọ ní Ìbàdàn ní, "Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" ló ń wí. Ẹ ò rí i? Ìlù ìjọba ni, síbẹ̀ etí àwọn èèyàn ló pinnu ohun tó sọ. Níbi tí mo ń gbé yìí náà, Hausa mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀. Mamman Shata, ọmọ Musawa ní Katsina, tó kú ní 1999, kalangu, ìlù Hausa tó jọ dùndún, ló ń dún lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń kọrin. Hausa ò ní re, òkè àti ìsàlẹ̀ ni, àti èyí tó ń yọ̀ láti òkè bọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ kalangu ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹni tó ń ta ẹran suya lẹ́nu géètì wa á gbọ́ kalangu, á dá a lóhùn.

Mo tún rántí nǹkan míì nínú ọkọ̀. Re, mí, dò, mí, mí. Ẹ kú ìdúró, ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ kú ìrọ́jú náà, ohùn kan náà ni. Ní gbọ̀ngán ìgbéyàwó, ìnáwó ni a máa gbọ́, torí ibẹ̀ la wà. Ta ló wá wà ní gbọ̀ngán yẹn tí kò rọ́jú? Wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023. Ní oṣù Keje ọdún náà, ₦617 ni à ń ra lítà bẹntiróòlù kan ní Abuja. Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000 ní 2024, ọjà ti sáré kọjá rẹ̀ kó tó dé. Ìyá yẹn gan-an, aṣọ ẹbí ló wọ̀, ó gbé ọmọ wá, ó san owó ọkọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, mo rí i lójú rẹ̀. Bóyá òun ni ìlù ń kí. Ẹ kú ìrọ́jú. Kò sì gbọ́.

N ò bínú sí i mọ́. Bóyá mo ṣì ń bínú díẹ̀.

Ìlù kẹta yẹn ló kù. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá re ni àbí dò, ariwo DJ ò jẹ́ kí etí mi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó sọ́wọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tú kúrò lára ọṣán, apá rẹ̀ ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣaworo mì pẹ́. Nígbà tó tún un lù, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Dò ló lù.