Owó sìgá tí a kì í ṣírò

Wọ́n máa ń ní àwa Ìjẹ̀bú mọ owó ṣírò, tó bá dọ̀rọ̀ àjọ kò sẹ́ni tó lè rẹ́ wa jẹ. Àmọ́ owó sìgá, mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣírò ẹ̀ ní gáréjì Ìjẹ̀bú-Òde níbí, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rà á. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀kan jẹ́ 100 náírà, kéèyàn sì máa fa 10 lójúmọ́, 30,000 nìyẹn lóṣù o, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù tíjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000! Tó bá fi máa pé ọdún kan ó ti di 365,000, owó ilé ìwé ọmọ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ òfin tábà tíjọba Nàìjíríà ṣe ní 2015 ò gbà kí wọ́n tà á lọ́kọ̀ọ̀kan rárá, páálí tó ní 20 nínú ni kí wọ́n máa tà, kí wọ́n má sì tà á fẹ́ni tí ò tíì pé 18. Ẹ dé ìdí kíóòsì kẹ́ ẹ wò ó, wọ́n ti tú páálí sílẹ̀, láítà wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn so. Ara páálí ni ìkìlọ̀ sì wà, ẹni tó ra ẹyọ kan ò rí ìkìlọ̀ kankan kà.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa, dírẹ́bà Èkó ni, ó fa sìgá títí ikọ́ ò fi lọ mọ́, kó rìn láti géètì dé yàrá báyìí á jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti bàjẹ́, èyí tó ti bàjẹ́ ò sì lè padà sípò. Ìyàwó ẹ̀ ta fìríísà tó fi ń ṣòwò píọ̀ wọ́tà kí wọ́n lè rówó oògùn rà, obìnrin tí ò fa sìgá rí láyé ẹ̀! Ó dùn mí gan. Àwọn ọmọ náà ń fa èéfín yẹn símú nínú yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wọ́n ń gbé, bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú àwọn tí sìgá ń pa lọ́dọọdún, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1 ò fà á rárá, èéfín ẹlòmíì ló pa wọ́n.

Ẹ má bú ẹni tó ń fà á o, nikotíìnì, ìyẹn èròjà inú ẹ̀ tó ń di bárakú síni lára, kì í jẹ́ kó rọrùn láti fi sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi sílẹ̀, tó bá fi máa pé ọdún kan, ewu àrùn ọkàn á ti dín kù sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń fà. Mo ti sọ ọ́ fún àbúrò ẹ̀gbọ́n yẹn tóun náà ń fà á, ó ní òun á gbìyànjú, mo sì ń pè é déédéé.